Nígbà Tí UCH Sọ̀kalẹ̀ Wá Sọ́jà

Bí èèyàn bá gba Mọ́lété wọ Ìdí Àrẹrẹ ní Ìbàdàn, kó tó já sí Ọjà'ba, ẹ̀gbẹ́ títì ni ọjà ti ń kí i káàbọ̀: ata, èlùbọ́, ọṣẹ, ike. Ìyá tó ti jókòó síbẹ̀ láti ìdájí kò ní torí pé ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru kó kó ọjà rẹ̀ wọlé. Ta ni yóò bá a tà á? Àwọn oníṣègùn UCH, ọsibítù Yunifásítì ní Ìbàdàn, rí i pé bí wọ́n bá ń retí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lórí àga ọsibítù, wọ́n á retí títí.

Ìgbèríko ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán gbígbé ìtọ́jú lọ bá àwọn èèyàn wò. Ní 1980, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ní UCH pawọ́ pọ̀ mọ́ Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ará abúlé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ibà, bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládípọ̀ àti nọ́ọ̀sì Grace Ẹ̀bùn Delano wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti gbé e wọ àwọn ọjà Ìbàdàn: àwọn ìyá ọlọ́jà ń ta oògùn ibà àti rọ́bà ìfètò-sọ́mọ-bíbí pọ̀ mọ́ ọjà wọn. Ní 1990, àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń ṣàbójútó ẹni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ lè kọ sí ìyá ọlọ́jà. Alábòójútó tó bá wá bí ọlọ́pàá, wọn á kí i dáadáa, wọn á fún un lómi mu, wọn á sì fi ẹrù bo àpótí oògùn tó wá wò mọ́lẹ̀. Èyí tó bá wá bí èèyàn, tó kí wọn kú ọjà, tó béèrè ọmọ, ló máa gbọ́ òótọ́: "Màmá nọ́ọ̀sì, oògùn ti tán láti ọjọ́ Ẹtì."

Kí oògùn má tán gan-an ni kóríyá wọn. Aládùúgbò tó wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá oògùn kò ní bá ọsibítù jà. Ìyá ọlọ́jà náà ni yóò pè ní òpùrọ́. Ojú á ti ìyá náà, á sì pa àpótí oògùn tì. Àwọn kan gbà pé fìlà àti ẹ̀wù alákọlé ni yóò mú un dúró sẹ́nu iṣẹ́. Ó wuyì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín in.

Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, ará ìlú náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. William Brieger ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá sòbìyà jà níbẹ̀. Àwọn télọ̀ ìlú rán asẹ́ ọ̀rá, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Ètò APOC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 láti gbógun ti àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etídò nílẹ̀ Áfíríkà, fi yíyan ẹni tí yóò máa pín oògùn Mectizan lé àwọn ará abúlé fúnra wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ìlú bá yàn, ìlú ló ń ṣọ́ ọ.

Ní abúlé, ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kan tó láti yan ẹni. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ Ìbàdàn, mógàjí, olórí agbo ilé, lè yan ọmọ agbo ilé, kí ayálégbé inú yàrá kejì má mọ orúkọ rẹ̀. Ọjà ni onílé àti ayálégbé ti jọ ń ná ata. Mo rò pé ohun tó mú kí ìsọ̀ wúlò fún UCH nìyẹn.