Bí Fáànù Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Yí Mọ́

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ti di irinṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láàrin wa. Àwọn kan ń fi í tẹ ìwé fún ará ìlú ní ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń fi í ṣírò ọjà wọn. Àwọn ọmọ wa ń fi í kàwé. Owó tí a fi ń rà á kì í ṣe kékeré, ìbáà jẹ́ àlòkù tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Nítorí náà, bí ó bá ń gbóná janjan tí ó sì ń kú fúnra rẹ̀, àyà ẹni tí ó ni ín á já. Á ní, "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn!" Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fáànù inú rẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́, fáànù kò sì wọ́n tó kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe

Ẹ wo ọkọ̀ mọ́tò. Bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń gbóná. Omi àti fáànù ni ó ń tù ú. Kọ̀ǹpútà náà ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a lè pè ní ọpọlọ rẹ̀. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò, òun ni ó sì ń gbóná jù. Ọ̀pá bàbà kan wà lórí rẹ̀. Bàbà yìí ń gbé ooru lọ sí etí ẹ̀rọ, níbi tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí bí eyín ìyarun. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín eyín náà, ooru á sì gba ojú ihò jáde.

Bí fáànù kò bá yí, ooru kò rí ọ̀nà lọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń falẹ̀. Bí ooru náà bá tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru omi tí ń hó, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Ṣé fáànù kú lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fáànù ń yí. Bí ara ẹ̀rọ bá tutù, fáànù lè sinmi. Àwọn kọ̀ǹpútà kan kò tilẹ̀ ní fáànù rárá, bíi MacBook Air tí wọ́n ń ṣe láti ìparí ọdún 2020. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi etí sí ibi ihò náà, kí ẹ sì gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ẹ kò gbọ́ ìró, tí atẹ́gùn kò sì jáde, fáànù kò ṣiṣẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn á sọ ọ́ fúnra wọn. Bí a bá tan HP, ó lè kọ 90B sójú. ThinkPad lè kọ "Fan error". Bí ó bá jẹ́ Dell, ẹ tẹ F12 bí ẹ bá ti ń tàn án, kí ẹ sì yan "Diagnostics". Á yẹ fáànù wò fún yín.

Ohun tí a ó ṣe

Èkínní: Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń tàn, ẹ tètè kó iṣẹ́ yín sí orí fláàṣì. Iṣẹ́ tó bá sọnù ṣòro láti rí padà.

Èkejì: Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Bí bátìrì bá wú, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, nítorí ó lè gbiná. Ẹ gbé e lọ fún ẹnjiníà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ wo ojú ihò. Eruku ọyẹ́ àti òwú aṣọ ló sábà máa ń dí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ lè bọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin: Bí ẹ bá mọ bí a ti ń tú u, ẹ ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì. Ẹ to àwọn sukúrù bí ẹ ti ń tú wọn, nítorí gígùn wọn kì í dọ́gba. Bí ẹ bá ń gbá eruku, ẹ fi ìka di fáànù mú.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi igi kékeré ti fáànù. Bí ó bá le, ìdọ̀tí há sí i tàbí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má kán òróró ìdáná sí i o! Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ wo okùn rẹ̀ bóyá ó ti tú.

Ẹ̀kẹfà: Bí kò bá yí síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lára ti àtijọ́, kí ẹ sì ra irú rẹ̀ gan-an. Bí tuntun náà kò bá yí, a jẹ́ pé inú bọ́ọ̀dù ni àléébù wà. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Bí ó bá gbé bàbà kúrò lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ rí i pé ó fi ìpara tuntun sáàárín wọn, nítorí ìpara yìí ni ó ń jẹ́ kí ooru kọjá.

Ìtọ́jú

Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà lé orí fóòmù tàbí ìrọ̀rí, ó ń dí imú rẹ̀. Orí tábìlì ni ó yẹ ẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa gbá ojú ihò rẹ̀ lóòrèkóòrè. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ kò ní sanwó fún ibi tí kò bàjẹ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà?
2. Kí ni a ó ṣe bí bátìrì bá wú?
3. Kí ló dé tí kò yẹ kí a gbé kọ̀ǹpútà lé orí ìrọ̀rí?