Ẹ̀kọ́ Bí A Ti Ń Fi DNA Tọpasẹ̀ Ìdílé, Àti Ibi Tí A Ti Lè Kọ́ Ọ

Ó ṣòro nísinsìnyí láti rí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ ní òkè òkun. Nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́ sílé, ohun tuntun kan ti ń wọlé. Wọ́n ní àwọn tu itọ́ sínú ìgò kékeré kan, àwọn fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà sì dá èsì padà pé àwọn ní ìbátan kan ní Chicago tàbí ní London, ẹni tí àwọn kò rí rí. Nígbà mìíràn, àlejò ni ó ń kọ̀wé: ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, tí a kó baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú ní ayé àtijọ́, a máa béèrè bóyá ilé wa ni orísun rẹ̀. Àwọn àgbà ilé a sì máa wo ara wọn lójú. Báwo ni itọ́ ṣe lè mọ bàbá ẹni?

Lóòótọ́ ni itọ́ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ èdè rẹ̀. Títu itọ́ sínú ìgò kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kíka èsì rẹ̀ bí ó ti yẹ ni ó gba ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ lè fi èsì tí kò lábùkù dá ìjà tí kò nídìí sílẹ̀ láàárín ẹbí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, àti àwọn ibi tí àgbàlagbà tí ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ti lè kọ́ ọ, yálà ó ní owó lọ́wọ́ tàbí kò ní.

DNA ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ohun tín-ín-rín kan tí ó wà nínú ara olúkúlùkù ènìyàn, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́ àti nínú gbòǹgbò irun, èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òbí wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà rìn nínú ìdílé. Èkíní kì í kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin: bàbá ni í fún ọmọkùnrin rẹ̀, òun náà a sì fún ọmọkùnrin tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oyè ti ń rìn ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Èkejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá: gbogbo ọmọ ni ìyá ń fún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n lè gbé e fún ìran tí ń bọ̀. Bí a bá ka àwọn òbí àgbà ẹni sẹ́yìn dé ìran kẹwàá, àwọn tí ó wà ní ìran náà yóò jẹ́ 1,024. Ọ̀nà méjèèjì yìí kò sì lè sọ̀rọ̀ nípa ju méjì péré lọ nínú wọn. Ọ̀nà kẹta ni ó ní iṣẹ́ nínú jù lọ. A jogún ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, ìdajì lọ́wọ́ ìyá, ó sì ń dínkù bí ìran ti ń jìnnà sí ara wọn.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀nà kẹta yìí ni a ń pè ní sẹ́ńtímọ́gàn. Bàbá àti ọmọ a máa pín nǹkan bí 3,400 sí 3,500. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò a máa pín nǹkan bí 870, àwọn ọmọ tiwọn a sì máa pín nǹkan bí 230 láàárín ara wọn. Nígbà tí ó bá fi di ìran tí ó tẹ̀lé èyí, ó ti di nǹkan bí 70, a sì ń rí ẹlòmíràn ní ìpele yìí tí kò bá ìbátan rẹ̀ pín ohunkóhun rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú èsì bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ẹbí kan jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lè tọ́ka sí ènìyàn mẹ́ta. Bí èsì bá jẹ́ nǹkan bí 1,750, ó lè jẹ́ bàbá àgbà ẹni, ó lè jẹ́ arákùnrin bàbá ẹni, ó sì lè jẹ́ ọbàkan ẹni, èyíinì ni ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bá rí nọ́ńbà yìí lójijì a máa dààmú púpọ̀, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ọbàkan tí ènìyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí jẹ́ àṣírí tí ó tú. Ní ilé olórogún tiwa, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà ní èyí tí ó le ju ti wọn lọ. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, ìyá kan sì ṣú opó rẹ̀, àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí fún ẹ̀gbọ́n àti àwọn tí ó bí fún àbúrò yóò máa pín ju ohun tí ọmọ ìyá kan tí bàbá wọn yàtọ̀ ń pín lọ, kò sì ní tó ti àwọn tí wọ́n jọ ní bàbá àti ìyá kan náà. Olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà lè kọ́ni títí kí ó má ṣe alábàápàdé irú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí kò mọ ìṣirò yìí, tí ó sì rí nọ́ńbà tí kò bá ohun tí ó ń retí mu, lè gbà pé ìyá òun parọ́ fún òun, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo agbo-ilé ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí, òun ni kò béèrè.

Ọ̀ràn Thomas Jefferson, Ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1802 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó ń bímọ fún Sally Hemings, obìnrin tí ó wà ní oko ẹrú rẹ̀. Ní 1998 ni Dókítà Eugene Foster gbé àyẹ̀wò kan jáde. Jefferson kò ní ọmọkùnrin tí ó dàgbà láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, nítorí náà àwọn àrọ́mọdọ́mọ Field, tí ó jẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀, ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. DNA ìlà ọkùnrin tiwọn bá ti àrọ́mọdọ́mọ Eston Hemings, ọmọkùnrin tí Sally bí gbẹ̀yìn, mu. Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé ọkùnrin kan láti ìdílé Jefferson ni bàbá Eston. Kò lè sọ èwo nínú wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó parí iṣẹ́ náà, nítorí a rí i níbẹ̀ pé Jefferson wà nílé ní àkókò tí Sally lóyún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 2000 ni àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ilé Jefferson ní Monticello kéde pé ó ṣeé ṣe púpọ̀ pé òun ni bàbá wọn. Itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ sọ ìdajì, ìwé sọ ìdajì.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ a tún máa sọ fún ènìyàn pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà tàbí ti Benin àti Togo. Èyí ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, èyí náà sì ni ó yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé kéré jù. Ìfiwéra ni. Wọ́n ń fi DNA ẹni wé ti àwọn tí a ti mọ ibi tí wọ́n ti wá, bí àwọn tí a fi ń wé bá sì ti pọ̀ sí i, ìdá náà yóò yí padà. Ààlà tí òyìnbó pa kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀: ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti Kétu tàbí Ṣábẹ́ wá lè rí orúkọ Benin nínú èsì rẹ̀, kí ó sì rò pé òun kì í ṣe Yorùbá. Ìlú Ìbàdàn ní ipa pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní HapMap ní 2002, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí ó ti dàgbà, ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ènìyàn 90 lápapọ̀. Charles Rotimi, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó ṣe kòkárí ètò náà. Ìlànà iṣẹ́ náà sọ pé "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà" ni kí a máa pè wọ́n, kí a má ṣe sọ pé Yorùbá lásán, nítorí àádọ́rùn-ún ènìyàn láti ìlú kan kò lè dúró fún Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó pọ̀.

Níbo wá ni a ti lè kọ́ gbogbo èyí? Amẹ́ríkà ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Èyí tí ó kàn wá jù ni MAAGI, tí àwọn olùwádìí ìdílé aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀, tí ó sì kọ́kọ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ìlú St. Louis ní 2013. Ìdí tí irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé nínú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1870 ni a kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ṣáájú ìgbà náà, a kàn ń ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn mọ́ ẹrù olówó wọn ni, ọkùnrin kan, obìnrin kan, láìsí orúkọ. Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ a máa kọsẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí ó kọ lu ògiri. Ní Brazil pẹ̀lú, àṣẹ jáde ní 1890 pé kí a run àwọn ìwé tí a fi ń ka ẹrú. Kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí máa lo DNA kì í ṣe eré fún wọn. Ọ̀nà kan nínú díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan tún wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a ti jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìdílé ní Utah ni ó ni èyí tí a ń pè ní SLIG, tí ó ń wáyé ní ìlú Salt Lake City ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. GRIP bẹ̀rẹ̀ ní Pittsburgh ní 2012, ó sì fi ẹ̀kọ́ DNA kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta fi lè jókòó sínú kíláàsì láìgba ìwé àṣẹ ìrìnnà. Owó wọn kì í ṣe kékeré, a kò ní tàn yín. Ní ilẹ̀ Scotland, Yunifásítì Strathclyde ní Glasgow ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ìdílé láti ìwé-ẹ̀rí kékeré títí dé oyè kejì, ọ̀nà jíjìn ni a sì lè gbà kọ́ ọ. Yunifásítì yìí kan náà gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016.

Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò yẹ kí ó sọ̀rètí nù. ISOGG, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń fi DNA wádìí ìdílé, tí a dá sílẹ̀ ní 2005, kò gba owó ìwọlé, ó sì ní àkójọ àlàyé ńlá tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí fóònù. RootsTech, àpéjọ ọdọọdún tí FamilySearch bẹ̀rẹ̀ ní Salt Lake City ní 2011, ní ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí DNA Painter, ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà sẹ́ńtímọ́gàn rẹ̀ wọlé, kí ó sì rí gbogbo irú ìbátan tí ó lè jẹ́, láìsan kọ́bọ̀. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé lọ́wọ́, Blaine Bettinger àti Debbie Parker Wayne kọ ìwé kan ní 2016 tí a ń pè ní Genetic Genealogy in Practice, tí ó kún fún ìbéèrè àti ìdáhùn bí ìwé ìṣirò ilé-ìwé. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn wà. Níbi tí iyàrá ìkàwé bá wà, ohun tí ó dára ni pé kí ọ̀dọ́ kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kà á, kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà, kí wọ́n sì fi ilé tiwọn ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi ń kọ́ni, tí a kò gbọdọ̀ fò dá: àṣẹ. Ní 2015 ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí gbé ìlànà jáde pé a kò gbọdọ̀ gba itọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, àti pé kí a kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tí kò retí lè jáde. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ọ̀rọ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù méje ènìyàn ní ilé-iṣẹ́ 23andMe, ní 2025 sì ni ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé òun ti wọ gbèsè. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní 2023, ka irú ọ̀rọ̀ ara ẹni yìí mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fi ìgò ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ bi í léèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á, ẹni tí yóò rí èsì rẹ̀, àti bóyá a lè pa á rẹ́ bí ẹ bá yí ọkàn padà. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá sì kọ̀wé pé DNA sọ òun di ọmọ ilé yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè iye sẹ́ńtímọ́gàn àti orúkọ ẹni tí wọ́n jọ pín in kí ẹ tó pe mọ̀lẹ́bí jọ.

Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. FamilySearch ti ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, nítorí ìwé tí Jefferson ní, ẹnu ni tiwa wà. Fóònù kan àti ìwé kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ orúkọ àbísọ àti oríkì olúkúlùkù, orúkọ agbo-ilé tí ìyá rẹ̀ ti wá, iye ìyàwó tí bàbá fẹ́ àti ọmọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí, ẹni tí a ṣú lópó, ọmọ tí a gbà tọ́ tí kì í ṣe ọmọ bíbí, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí a bí wọn bí a kò bá mọ ọdún náà. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ohun tí kò dọ́gba, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́.