Igun Mẹ́ta Méjì Nínú Odù Ifá

Ikin 16, ìyẹn èkùrọ́ Ifá, ni babaláwo ń pa nígbà tó bá ń dífá. Tí wọ́n bá tò wọ́n sórí ẹní ní mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba ni yóò jáde. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní onígun mẹ́rin: 4, 9, 16, 25.

Ó tún ní ọ̀nà míì. Kí wọ́n fi ikin kan sókè, méjì sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ikin 10 ti di igun mẹ́ta. Mẹ́fà tó kù náà yóò di igun mẹ́ta tó kéré sí i: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Nọ́ńbà onígun mẹ́ta ni 1, 3, 6, 10, 15, 21, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyíkéyìí méjì tó bá tẹ̀ léra nínú wọn, àròpọ̀ wọn á jẹ́ onígun mẹ́rin: 3 àti 6 jẹ́ 9, 15 àti 21 jẹ́ 36. Theon ará Smyrna, tó kọ̀wé lédè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kejì, ti ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ló fà á? Odù fúnra rẹ̀ lè dáhùn.

Ojú Odù jẹ́ 16, láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì. Èyíkéyìí nínú wọn lè wà lápá ọ̀tún Odù kan, èyíkéyìí sì lè wà lápá òsì, nítorí náà gbogbo Odù jẹ́ 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256. Tí wọ́n bá to gbogbo wọn sínú àtẹ onígun mẹ́rin, àwọn Méjì 16, tí apá wọn méjèèjì jọra, á tò láti igun kan dé igun kejì. Àmúlù 120, ìyẹn Odù tí apá rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, á wà lókè wọn, 120 á wà nísàlẹ̀. Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú wà lápá kan, Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè wà lápá kejì. Odù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kálukú ló sì ní ẹsẹ tirẹ̀.

Ìlà àwọn Méjì yìí kò lè wà lọ́dọ̀ apá méjèèjì. Apá tó bá gbà á á di 136, àròpọ̀ 1 dé 16. Apá kejì á dúró lórí 120, àròpọ̀ 1 dé 15. Ìdí nìyẹn tí igun mẹ́ta kan fi máa ń fi ìlà kan ju èkejì lọ.

Ká ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 16 fẹ́ gbá líìgì ní Burnett Bayland Park ní Gulfton, àdúgbò tí àwọn aṣíkiri pọ̀ sí ní Houston. Tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá pàdé àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 120 ni. Tí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ó di 240, iye àmúlù gẹ́lẹ́. Ẹgbẹ́ kì í bá ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nínú Ifá, Ogbè máa ń pàdé Ogbè.

Àwọn nọ́ńbà kan tilẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta pọ̀. Lẹ́yìn 1, 36 ló kàn: ó jẹ́ 6 lọ́nà 6, ó sì jẹ́ àròpọ̀ 1 dé 8. Kò tún sí òmíràn títí dé 1,225. Láti rí èyí tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n fi 34 sọ 1,225 di púpọ̀, kí wọ́n yọ 36 tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n fi 2 kún un: 41,616. Ọgbọ́n kan náà ló ń gbé 1,413,721 jáde lẹ́yìn rẹ̀.