Fọ́nrán Ewéko Nínú Ike

Lẹ́yìn ìbòrí ilẹ̀kùn ọkọ̀

Ẹni tó bá ti tú inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ Jámánì ìgbàlódé rí lè ti ṣàkíyèsí i: ìbòrí dán lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búráùn, fọ́nrán sì wọnú ara wọn káàkiri níbẹ̀. Ó jọ páálí, kì í ṣe páálí. Ọ̀gbọ̀, jute tàbí kenaf ni wọ́n fi ooru tẹ̀ pọ̀ mọ́ ike.

Jute kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀kan nínú oríṣi méjì tí wọ́n ń gbìn ní Bangladesh àti Íńdíà ni ewédú tí à ń sè. Irú tiwọn ga ju ènìyàn lọ, èèpo igi rẹ̀ ni wọ́n sì ń wá. Wọn a rẹ igi náà sómi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, títí èèpo yóò fi máa bó lọ́wọ́. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a sóòrùn. Kenaf ní tirẹ̀, ìbátan ìṣápá ni. Ilé ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́.

Àǹfààní àdàpọ̀ fọ́nrán àti ike

Kó fúyẹ́, kó sì le ni. Ike nìkan máa ń tẹ̀. Fọ́nrán ló ń gbé e ró. Gíláàsì tí wọ́n ń fi ṣe fáíbà wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 2.5 ní sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan; ti jute tàbí ọ̀gbọ̀ kò ju bíi 1.5 lọ. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, epo tó ń mu á dín kù.

Ooru ló ń yan ike

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 200, fọ́nrán ewéko á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ike tó bá máa yọ́ ṣáájú ìyẹn nìkan ló wúlò. Ẹ mú ìgò omi oníke kan. Ara ìgò náà kò ní yọ́ títí ooru yóò fi tó bíi 250, fọ́nrán á sì ti bàjẹ́. Ọmọrí rẹ̀ ńkọ́? Yóò ti yọ́ kí ooru tó kọjá 170. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa ń yọ́ ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta nídìí ike: 2, 4 àti 5 ló bá fọ́nrán mu. Nọ́ńbà 3, ìyẹn PVC, ẹ má gbé e sún mọ́ iná rárá. Gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ a máa jó ojú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Fọ́nrán tún máa ń fa omi, ike kì í gbà á. Bí fọ́nrán kò bá gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ á hó di gáàsì, á sì dá ihò sínú ike. Kí fọ́nrán àti ike lè lẹ̀ mọ́ra, wọ́n tún máa ń fi omi kọ́sítíìkì sódà fọ fọ́nrán, wọ́n sì máa ń fi ike tí wọ́n ti lo kẹ́míkà maleic anhydride fún ṣe alárinà láàárín àwọn méjèèjì.

Ṣé ó ń jẹrà?

Àwọn kan máa ń ta àdàpọ̀ yìí bíi pé ó ń jẹrà. Bí ó bá jẹ́ ike tí a ti ara epo rọ̀bì ṣe ni, kò ní jẹrà. Fọ́nrán inú rẹ̀ lè jẹrà, ike á ṣẹ́kù. Ẹ wo ọkọ̀ Trabant tí wọ́n ń ṣe ní Ìlà-Oòrùn Jámánì nígbà kan. Irin kò tó níbẹ̀, wọ́n sì ń pò àjákù òwú láti Soviet Union mọ́ oje àtọwọ́dá ní Zwickau, wọ́n ń fi ooru tẹ̀ ẹ́ di ara ọkọ̀. Láàárín 1957 sí 1991 wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ara yẹn kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n oje náà kì í tún yọ́ mọ́ tó bá ti le, bí wọn yóò ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì di wàhálà. Ike tó ṣeé yọ́ padà sàn jù, nítorí a lè lọ̀ ọ́ ká tún un ṣe. Nítorí náà, ilẹ̀kùn, àga àti pákó ìta ló yẹ ká fi irú àdàpọ̀ yìí ṣe, kì í ṣe abọ́ tí a ó jù nù lọ́jọ́ kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì yọ́ ike nínú garawa lórí iná igi lẹ́yìnkùlé. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí ojú tó lè wo iná igi kó mọ̀ pé ooru ti kọjá 200. Ẹ̀rọ tó ní òṣùwọ̀n ooru, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó ń jáde, ni wọ́n fi ń ṣe é.