Owó Ẹyọ Kò Ní Òǹtẹ̀

Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ ní Ouagadougou, ẹ ó rí owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti ère idẹ. Ẹ ó sì rí ẹni tó jókòó tì í, tó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló ń wá nínú ohun tó jọra báyìí?

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó àmì fàdákà kéékèèké jọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n kọ́ sí ọrùn ìgò láyé ọjọ́un kí àlejò lè mọ ọtí tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn rọrùn díẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà òǹtẹ̀ wà lára fàdákà náà tó ń sọ ìlú àti ọdún rẹ̀. Owó ẹyọ kò ní òǹtẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an la ó wò.

Oríṣi méjì ló wọ ilẹ̀ wa, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, jù. Èkíní wá láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà: ó kéré, etí rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Èkejì wá láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní agbègbè Zanzibar: etí tirẹ̀ jọ̀lọ̀, ìlà aláwọ̀ ọsàn kan sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí òrùka. Ìlà yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Ní nǹkan bí ọdún 1845 ni Hertz, oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun kó ti Zanzibar wá. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ yanturu ni, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á. Tó bá ti gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Ouidah, ó di owó tí a ń ná. Àwọn mìíràn bá Hertz dá sí òwò náà, ẹyọ kún ìlú, ohun tó lè rà sì ń dín kù. Nítorí náà, ẹyọ tó bá ní ìlà yẹn, ó ṣòro kó ti di owó lọ́dọ̀ wa ṣáájú ìgbà náà.

Ṣé gbogbo èyí tó ní ìlà ló wá jẹ́ ti àtijọ́? Rárá o. Wọ́n ṣì ń kó tuntun wá fún ọ̀ṣọ́, èyí sì máa ń dán yinrin. Èyí tó ti ti ọwọ́ dé ọwọ́, tàbí tó ti pẹ́ nínú ìkòkò lábẹ́ ilẹ̀, dídán ara rẹ̀ á ti lọ, eyín ẹnu rẹ̀ á sì ti jẹ. Ti àtijọ́ mìíràn ò tilẹ̀ tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́: lọ́dọ̀ àwọn Lobi, ní gúúsù Burkina Faso, ẹyọ ṣì wà nínú ohun ìdána.

Ẹ wá yí i padà, kí ẹ wo ihò. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, a máa ń lu ẹyọ, a sì ń sín in, ogójì lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ní ọ̀pọ̀ ìlú òkè lọ́hùn-ún, wọn kì í sín in. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á nílẹ̀. Ihò kékeré lè jẹ́ ti okùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara aṣọ ni wọ́n rán an mọ́, tàbí kó jẹ́ ti ẹ́ẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ á ti bá gígé náà lọ, etí rẹ̀ nìkan ló kù tí ẹ ó fi mọ ibi tó ti wá.

Bí ẹyọ bá ṣì wà lára aṣọ tàbí egúngún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u fún yín. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tó ti rí i. Bó bá jẹ́ láti ojúbọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un, torí ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí. Ère Mamio ti ìlú Pobé-Mengao, ní àríwá Burkina Faso, jíjí ni wọ́n jí i lọ ní 1991. Jámánì ni wọ́n ti wá rí i, ọdún 2001 ló sì tó padà délé.