Kí ẹ tó so iná ńlá mọ́ Hilux yín, ẹ bi rìwáyà yín ní ìbéèrè mẹ́ta

Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba ọ̀nà Òkè-Ògùn lálẹ́ rí mọ̀ pé iná tó bá ọkọ̀ wá kì í fi bẹ́ẹ̀ tó. Iná òpópónà ò sí, kòtò ń bẹ, màálù lè já sí títì nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi Hilux kó irè oko fi máa ń so iná LED gbọọrọ mọ́ bọ́ńpà tàbí orí ọkọ̀. Àwọn ọmọ Èkó náà ti ń ṣe é báyìí, tiwọn kàn jẹ́ fáàrí ni.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n ṣe ń so ó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Mo ti rí Hilux kan ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà n'Íbàdàn tí wáyà abẹ́ dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ yọ́ mọ́ra bí ọ̀rá tó kan iná. Iná LED tó wà níwájú rẹ̀ ò tiẹ̀ bàjẹ́. Wáyà ló jó.

Ìṣirò kékeré kan

Ká ní wọ́n kọ 120 watt sára iná tí ẹ rà. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12 volt. Ẹ fi 12 pín 120, ẹ ó rí 10. Ampere 10 nìyẹn. Bí ẹ bá so méjì, ó di 20.

Ampere ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn nínú wáyà, bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Tí wáyà bá tín-ín-rín, tí iná tó ń gba inú ẹ̀ sì pọ̀, wáyà á gbóná, rọ́bà ara ẹ̀ á yọ́, kọ́pà á hàn síta. Irin ara ọkọ̀ ni wọ́n so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́. Bí kọ́pà tó ń bọ̀ láti pọ́sítíìfù bá wá kan irin yẹn pẹ́nrẹ́n, bátìrì á tú gbogbo agbára ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbaná.

Ìbéèrè kìíní: relay dà?

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn kan ń gbà ni pé wọ́n á fa wáyà láti bátìrì wọ inú ọkọ̀, á gba inú súìṣì kékeré kan, á tún padà síta lọ bá iná. Gbogbo ampere 10 yẹn ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ yín kọjá.

Relay ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Súìṣì á kàn ránṣẹ́ ni, relay ló máa gbẹ́rù. Iná tí súìṣì fi ń ránṣẹ́ sí i kò tó ìdámẹ́rin ampere kan. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nídìí relay, àwọn ará Jámánì ló ṣètò ẹ̀, kárí ayé ni wọ́n sì ń lò ó:

- 30: wáyà tó ti bátìrì wá, tó gba fíúsì kọjá.
- 87: wáyà tó ń lọ síbi iná.
- 86: wáyà tó ti súìṣì wá.
- 85: wáyà tó lọ sí ara irin ọkọ̀. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí irin gidi hàn kí ẹ tó dè é.

Ìbéèrè kejì: fíúsì ńkọ́, ibo ló wà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ni fíúsì ń dáàbò bò. Rárá o, wáyà ni. Òun ló máa já kí wáyà tó gbóná débi tó máa jó. Torí náà, ìdí bátìrì ló gbọ́dọ̀ wà, kó má jìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì ò ní ẹ̀ṣọ́ kankan.

Fún ampere 10, fíúsì 15 tó dáa, aláwọ̀ búlúù. Wáyà ọkọ̀ onífọ́nrán púpọ̀ tó jẹ́ 2.5 mm² lè gbé e. Ẹ má lo wáyà ilé, èyí tó jẹ́ ọ̀pá kọ́pà kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, á kán bó bá yá.

Tí fíúsì bá wá ń já, nǹkan kan ló ń sọ fún yín. Ẹni tó bá fi wáyà dí ojú ẹ̀, tàbí tó fi 30 aláwọ̀ ewé rọ́pò ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ló pa yẹn, olè ṣì wà nínú ilé.

Ìbéèrè kẹta: ibo lẹ ti mú wáyà súìṣì?

Ẹ ní kó mú un láti ara fúlù láìtì. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, tí ẹ bá ti dín iná yín kù, iná LED náà á kú pẹ̀lú ẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Ẹni tí ẹ fi iná fọ́ lójú lórí títì oníkọjá-kan-bọ̀-kan, ọ̀dọ̀ yín gan-an ló lè ya sí. Àmọ́ kó kọ́kọ́ fi iná àyẹ̀wò wò ó o, torí àwọn ọkọ̀ kan wà, pàápàá Toyota àtijọ́, tó jẹ́ pé nẹ́gétíìfù ni súìṣì iná iwájú wọn ń tàn.

Níkẹyìn

Kí rìwáyà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù bátìrì. Òun náà ni kó dè kẹ́yìn. Níbi tí wáyà bá ti gba ihò irin wọlé, kó fi rọ́bà sí etí ihò náà, kí irin má baà rẹ́ ẹ.

Tó bá parí, ẹ tan iná náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fọwọ́ kan wáyà àti relay. Tó bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Tó bá gbóná débi tí ẹ fi ń yára fa ọwọ́ yín, ẹ pa á, kí ẹ má sì tíì sanwó iṣẹ́.