Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Iṣẹ́ Lámbò?

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí onímọ̀ kan tó nǹkan? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà ni kí a ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Ìgbéga olùkọ́ lè dúró lórí èyí.

Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ irú ìṣirò yìí di iṣẹ́ ńlá nígbà tí ó gbé ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde ní 1964. Ní 2005, Jorge Hirsch mú òṣùwọ̀n mìíràn wá: bí ènìyàn bá ní iṣẹ́ mẹ́wàá tí a ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tí kò ní mọ́kànlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìgbà mọ́kànlá, mẹ́wàá ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta, sórí òṣùwọ̀n. Ní 1963, òun, Alexander Leighton àti àwọn mìíràn gbé ìwé kan jáde lórí àrùn ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá. Orúkọ Leighton ni ó ṣáájú. Nínú ìwé atọ́ka àtijọ́ náà, abẹ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń to iṣẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo abẹ́ orúkọ Lámbò kò ní bá ìwé yìí níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ìka kan ṣoṣo ni ìwé náà kà.

Ẹ̀wẹ̀, ohun tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ ní Árò ní 1954 ju ìwé lọ. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, tí ó padà sí oko rẹ̀, kì í kọ ìtọ́ka.

Èmi kò sọ pé kí a da òṣùwọ̀n nù. Ó ń fi hàn wá ibi tí ohùn onímọ̀ dé láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́ka láti yìn àti ẹni tí ó tọ́ka láti takò, ọ̀kan náà ni ó kà wọ́n sí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè, bí ẹ bá ti ka iye tán, ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ kà á.